Ẹni tó tún padà wọ inú èéfín: ohun tí ojú ọmọ ogun lásán rí ní Kírìjì

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí mi láti Ìkìrun. Ó ní bàbá ńlá àwọn wà lójú ogun Kírìjì, àti pé wọ́n ṣì máa ń kan ogun náà nínú oríkì ilé wọn títí dòní, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ fún òun ohun tí bàbá yìí ń ṣe níbẹ̀ gan-an. Ó ní: "Nínú fíìmù, wọ́n á máa sáré pàdé ara wọn pẹ̀lú idà, wọ́n á máa pọfọ̀. Nínú ìwé ìtàn, orúkọ àwọn balógun nìkan ni mò ń rí. Bàbá wa kì í ṣe balógun, ọmọ ogun lásán ni. Ṣé wọ́n máa ń tò sórí ìlà bíi ti àwọn Òyìnbó ni? Kí ló ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́? Kí ló sì ń bà á lẹ́rù jù?"

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè ẹni tí kò lóyè. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí kí ẹnìkan bi mí ní ìbéèrè yìí, nítorí gbogbo ìgbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ Kírìjì, ogun tí Ìbàdàn bá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà, ọ̀dọ̀ Ògèdèǹgbé àti Fábùnmi, àwọn olórí ogun Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, àti Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, ni a máa ń bá a dé, a kì í bá a dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbé ìbọn.

Iṣẹ́ tí bàbá yín ń ṣe nìyí: á lọ síwájú, á yìnbọn, á yíjú padà lọ sẹ́yìn láti ki ìbọn rẹ̀, á sì tún padà lọ síwájú. Ìlọ kìíní kò le. Orí ṣì ń wú, ìlù ń dún, gbogbo ẹgbẹ́ jọ ń lọ ni. Ìlọ ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ogun. Ó ti rí ẹni tó ṣubú, ó ti mọ ohun tó wà nínú èéfín yẹn, kò sì sẹ́ni tó so ó mọ́lẹ̀ pé kó padà. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ohun tí màá sọ dúró lé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí ogun náà ti wá. Ní 1877, Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá wọ̀jà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Fábùnmi pa àjẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, aṣojú tí Ìbàdàn fi ń ṣàkóso ìlú, ní Òkè-Ìmẹ̀sí, Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn tó dara pọ̀ mọ́ wọn sì di Èkìtìparapọ̀, wọ́n láwọn kò sin Ìbàdàn mọ́. Ìbàdàn tẹ̀dó sí ẹ̀gbẹ́ Ìgbájọ, Èkìtìparapọ̀ tẹ̀dó sí ẹ̀gbẹ́ Ìmẹ̀sí-Ilé, àfonífojì wà láàárín wọn, òkè yí wọn ká. Ìró ìbọn tó ń dún láàárín àwọn òkè yẹn ló fún ogun náà lórúkọ: kírìjì, kírìjì.

Ìbọn tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn ni ṣakabùlà, èyí tí àwọn oníṣòwò ń kó wá láti òkè òkun. Ọ̀pá rẹ̀ gùn, akọ òkúta ló sì ń ṣá iná sí ẹ̀tù rẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọdẹ kan ní abúlé ìyá mi jẹ́ kí n dúró ti òun nígbà tó ń ki tirẹ̀. Ó fi ìdí ìbọn gúnlẹ̀, ẹnu rẹ̀ wá ga dé àyà rẹ̀. Ó bu ẹ̀tù láti inú àdó, ó rọra dà á sẹ́nu ìbọn, ó ń fi àtàńpàkò dín in kù bí ìyá tó ń wọn iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ó ju ìhá lé e, ó fa ọ̀pá irin yọ, ó kì í, gbọ̀, gbọ̀, gbọ̀. Ó da irin wẹ́wẹ́ sí i, ó tún fi ìhá dí i lórí kí irin náà má baà dà sílẹ̀ bó bá dorí ìbọn kodò. Ó wá gbé ìbọn náà dùbúlẹ̀ sí apá, ó bu ẹ̀tù kíún sí ojú ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ. Kò kánjú nígbà náà, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bó tilẹ̀ kánjú, mi ò rò pé yóò ṣe é tán kí ìṣẹ́jú kan tó pé.

Ẹ wá fojú inú wo ẹni tó ń ṣe gbogbo èyí nígbà tí wọ́n ń yìnbọn lù ú. Ọwọ́ á máa gbọ̀n. Òógùn á máa kán sórí ẹ̀tù. Bí ẹ̀tù bá tutù báyìí, akọ òkúta á kàn ṣáná lásán ni, ìbọn ò ní dún. Ẹlòmíràn á gbàgbé ọ̀pá irin sínú ìbọn, á sì yìn ín lọ. Bí ó bá da ẹ̀tù jù, ìbọn lè bú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn kì í fi í gbé e sójú kí wọ́n tó yìn ín. Ìbàdí ni wọ́n ti ń yìn ín, tàbí kí wọ́n na apá jáde gbọọrọ, kí iná ẹ̀tù má baà jó wọn lójú. Ẹni tó bá ń yìnbọn báyìí kò lè fojú sun ènìyàn kan pàtó. Bí ẹni tó dojú kọ ọ́ bá jìnnà ju nǹkan bí 100 ìṣísẹ̀ lọ, oríire ló kù.

Nítorí ìṣẹ́jú kan yìí ni wọ́n ṣe ń jà bí wọ́n ṣe ń jà. Ẹgbẹ́ kan á yọ síwájú, wọ́n á yìn, wọ́n á fà sẹ́yìn. Ẹgbẹ́ mìíràn tí ìbọn wọn ti kún á gba àárín wọn kọjá. Àwọn tó fà sẹ́yìn á wá ẹ̀yìn igi tàbí ẹ̀yìn àpáta, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á máa kì í. Báyìí ni wọ́n á ṣe máa gba ara wọn sípò, bí àwọn tó ń gúnyán nínú odó kan. Ogun ọjọ́ kan lè gba òwúrọ̀ títí ìrọ̀lẹ́, tí ilẹ̀ tó wà láàárín wọn kò sì ní yí padà ju ìwọ̀n ebè mélòó kan lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn Òyìnbó tó rí irú ogun báyìí kọ ọ́ sílẹ̀ bí ohun tí kò létò. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí àwọn ọmọ wa tó ń tún un wí lẹ́yìn wọn. Ìṣòro kan náà ló kan àwọn méjèèjì: ìbọn tí à ń ki láti ẹnu. Ní Waterloo, ojú ogun kan ní Yúróòpù, ní 1815, ìlà ni ọ̀nà àbáyọ tiwọn: àwọn ènìyàn dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n ń ki ìbọn ní òòró, ẹ̀tù àti ọta wà nínú bébà tí wọ́n ti dì sílẹ̀, ọ̀bẹ gígùn sì wà lẹ́nu ìbọn fún ìgbà tí ọ̀tá bá sún mọ́ wọn. Ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti kọ́ dáadáa lè yìn tó ẹ̀ẹ̀mẹta ní ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n pápá gbalasa ni Waterloo, owó ọba ni wọ́n fi ń bọ́ àwọn ọmọ ogun yẹn, wọ́n sì ti fi oṣù àti ọdún dá wọn lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ gbé ìlà yẹn wá sínú igbó àti àpáta Ìmẹ̀sí, kí ẹ wá wo bí yóò ṣe rí. Àwọn bàbá wa kò dúró lórí ìlà torí pé kò sí ibi tí ìlà máa gbà, kò sì sí ẹ̀tù tí wọ́n lè fi ṣòfò.

Ewu ńlá wà nínú ọ̀nà tiwọn náà. Ẹ wò ó: gbogbo ọmọ ogun ló ń kọ ẹ̀yìn sí ọ̀tá ní ọ̀pọ̀ ìgbà lóòjọ́. Báwo ni ẹni tó wà lẹ́yìn ṣe máa mọ̀ pé ẹni tó ń sáré bọ̀ yìí, ó ń bọ̀ wá ki ìbọn ni, kì í ṣe pé ó ń sá? Èéfín ti bo gbogbo ibẹ̀. Ẹ̀tù ayé ìgbà náà, èéfín rẹ̀ funfun, ó nípọn, ó sì ń run imú. Kò sí aṣọ ogun tó yàtọ̀ láàárín àwa àti àwọn. Etí lọmọ ogun fi ń ríran. Ó ń gbọ́ ìlù ọ̀gá rẹ̀. Bí ìlù yẹn bá ṣì ń ki ọ̀gá náà ní iwájú, ó mọ̀ pé ibi tó fi wọ́n sí ni wọ́n ṣì wà. Bí ìlù bá dákẹ́, tàbí tó bá ń dún láti ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yá.

Àwọn àgbà ní akin tó mọ ìjà tí kò mọ ẹ̀sá, òun ní í bógun lọ. A máa ń pa òwe yìí bí ẹni pé ojo ló wà fún. Ní ojú ogun ṣakabùlà, ìmọ̀ iṣẹ́ ni. Ọmọ ogun tó dáńgájíá ni ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kó fà sẹ́yìn, ibi tó yẹ kó fà dé, àti ìgbà tó yẹ kó padà.

Nígbà tí ìfàsẹ́yìn bá wá di ìsá, ìlú yín ló mọ̀ ọ́n jù. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, Ìlọrin, Ìlá, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ká Ìkìrun mọ́, Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n sì kó ogun Ìbàdàn wá gbà á sílẹ̀. Apá ibi tí Ìlọrin wà fọ́. Wọ́n sá gba ọ̀nà odò Ọ̀tìn, wọ́n bá afárá ní gígé, odò sì kún. Àwọn tó wà níwájú dúró, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò mọ̀ pé afárá ti já, wọ́n ń tì wọ́n. Orúkọ tí wọ́n sọ ogun náà nìyẹn: Jálumi. Mi ò rò pé ìbọn pa tó iye tí odò yẹn pa. Bí ogun ṣe rí ní gbogbo ayé ìgbà náà nìyẹn: níwọ̀n ìgbà tí àwọn méjèèjì bá ṣì dojú kọ ara wọn, òkú kì í pọ̀ tó bí ariwo ṣe pọ̀ tó. Ìgbà tí apá kan bá kẹ̀yìn pátápátá ni òkú ń sùn lọ bẹẹrẹ, tí idà àti àdá sì ń rí iṣẹ́ ṣe.

Ìkónilẹ́rú náà ń bẹ. Ẹ bi mí pé kí ló ń bà á lẹ́rù jù. Ikú ń bà á lẹ́rù, ta ni ikú kì í bà lẹ́rù? Ṣùgbọ́n bí mo ṣe mọ ogun náà, mo gbà pé kí wọ́n mú un láàyè ló ń bà á lẹ́rù jù. Ọmọ ogun kì í gba owó oṣù. Ohun tó bá kó lógun ni èrè rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ á sì mú tirẹ̀ níbẹ̀. Ènìyàn sì ni ìkógun tó níye lórí jù. Nítorí náà, ẹni tí ó ń lé ẹ lọ kò fẹ́ pa ẹ́ bí ó bá lè mú ẹ. Lójú kan, o lè ti ẹni tó ń kó ẹrú di ẹrú.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi oògùn rẹ́rìn-ín níwájú yín. Bàbá yín wọ ẹ̀wù ayẹta, ó so oǹdè mọ́ra, ó sì ṣeé ṣe kí ó sín gbẹ́rẹ́ sí orí. Ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa ìbọn náà: ọ̀pọ̀ ọta kì í bá ẹni tí wọ́n yìn ín sí, ìbọn mìíràn kì í tilẹ̀ dún, irin wẹ́wẹ́ tó bá ti rin jìnnà lè gbá ènìyàn lára kó jábọ́ sílẹ̀. Ẹni tó rí èyí pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, tó sì rí i tí irin jábọ́ lẹ́sẹ̀ òun, kò ṣòro fún un láti gbà pé ẹ̀wù náà ń ṣiṣẹ́. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé oògùn ń bá a ṣe iṣẹ́ tó le jù. Ó ń mú un padà wọ inú èéfín lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́ tí wọ́n jagun gan-an kò tó ọjọ́ tí wọ́n fi dúró. Ibùdó méjèèjì kì í ṣe àgọ́ mọ́ nígbà tó yá, ìlú ni. Wọ́n fi amọ̀ kọ́ ilé, wọ́n ní ọjà, obìnrin wà níbẹ̀ tí wọ́n ń dáná tí wọ́n sì ń tajà, wọ́n bímọ síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n kúrò nílé, ẹ̀wà yíyan àti àkàrà líle tí wọ́n fi ẹ̀wà àti àgbàdo ṣe ló wà nínú àpò wọn, ohun tí kì í tètè bàjẹ́. Nígbà tí ìyẹn tán, oko ọ̀tá ni wọ́n ń jẹ. Nígbà tí oko ọ̀tá tán, wọ́n gbé ọkọ́, wọ́n sì dáko sí ẹ̀bá ibùdó. Bàbá yín lè ti fi òwúrọ̀ ro oko àgbàdo kó tó gbé ìbọn ní ọ̀sán. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ̀tù kì í fẹ́ gbiná, gbogbo nǹkan á sì rọlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tù yìí, ó tó ọ̀rọ̀ àròdùn fún ọmọ ogun Ìbàdàn. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti dí ọ̀nà etíkun mọ́ wọn. Ohun tó bá rí ọ̀nà wọlé, ọ̀nà Oǹdó tó jìnnà ló ń gbà, ó sì gbówó lórí. Àwọn olóyè ló ń rà á, wọ́n ń jẹ gbèsè lé e lórí, wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n fún àwọn ọmọ ogun wọn. Nítorí náà, kò sí pé kó kàn máa yìn ín bó ṣe wù ú. Ó ń ka ẹ̀tù rẹ̀ bí opó ṣe ń ka owó.

Ohun kan tún wà tí fíìmù kì í sọ, tó sì ń dun èmi fúnra mi bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ogun yìí. Àwọn tó ń yìnbọn lu ara wọn mọ ara wọn. Ìbàdàn ti ń kó Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì lẹ́rú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn kan nínú wọn ti di ọmọ ogun nílé àwọn olóyè Ìbàdàn, àwọn obìnrin ibẹ̀ ti di ìyàwó, ìyá ọmọ. Ògèdèǹgbé fúnra rẹ̀ ti gbé Ìbàdàn, ibẹ̀ ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń jagun. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń bú ara wọn láti orí òkè sí òkè nígbà tí ìbọn bá sinmi, orúkọ ni wọ́n fi ń bú ara wọn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1880, nǹkan yí padà. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì wà ní Èkó nígbà náà, àwọn Sàró tó padà láti Sierra Leone àti àwọn Àgùdà tó padà láti Brazil, tí ogun ayé àtijọ́ ti kó àwọn tàbí òbí wọn tà sókè òkun. Wọ́n dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀ ní Èkó, wọ́n sì ń fi ìbọn tuntun ránṣẹ́ sílé: Snider àti irú rẹ̀, tí à ń fi ọta sí láti ìdí. Ẹ̀tù àti ọta wà pa pọ̀. A ó ṣí ìdí rẹ̀, a ó fi ọta kan sí i, a ó pa á dé, a ó yìn ín. Ọta rẹ̀ sì ń lọ jìnnà gan-an, ó ń lọ síbi tí a bá kọjú rẹ̀ sí.

Ẹ ti rí ohun tí èyí ṣe sí iṣẹ́ bàbá yín. Ẹni tó ní Snider lè dùbúlẹ̀ lẹ́yìn àpáta kó máa yìn ín léraléra. Kò nílò láti kẹ̀yìn. Kò nílò láti padà. Ọmọ ogun Ìbàdàn tó ń jáde wá pẹ̀lú ṣakabùlà rẹ̀, wọ́n ti ń yìnbọn bá a kí ó tó dé ibi tí ìbọn tirẹ̀ lè dé, wọ́n sì ń yìnbọn bá a nígbà tó ń lọ ki òmíràn. Ìmọ̀ tí wọ́n ti fi 40 ọdún kọ́, bí a ṣe ń fà sẹ́yìn àti bí a ṣe ń padà, wá di ohun tó ń pa wọ́n. Ìbọn tuntun wọ̀nyí kò pọ̀ tó ṣakabùlà rárá, Ìbàdàn náà sì wá tiwọn nígbà tó yá, ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn ni ẹnikẹ́ni kò ti lè borí ẹnìkejì mọ́ ní Kírìjì. Ààrẹ Látòósà kú sí ibùdó ní 1885. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀.

Ní 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886, lẹ́yìn tí Àlùfáà Samuel Johnson àti Charles Phillips ti rìn lọ rìn bọ̀ láàárín ibùdó méjèèjì, àwọn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Higgins àti Smith, kó wọn jọ sí pápá tó wà láàárín, wọ́n sì fi ọwọ́ sí àdéhùn. Ogun ní apá Ọ̀fà àti Ìlọrin ṣì ń lọ títí di 1893, nítorí náà bàbá yín lè má tíì gbé ìbọn sílẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti wọ ibùdó Ìgbájọ ní ọmọ ogún ọdún ti ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún nígbà tí wọ́n tú u ká. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ti ń rìn, ó ti ń sọ̀rọ̀, kò sì tíì rí ilé bàbá rẹ̀ rí.

Ẹ padà sídìí oríkì ilé yín. Ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà tó mọ̀ ọ́n jù ki oríkì náà dé òpin láìdá a dúró, kí ẹ sì fi fóònù gbà á sílẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí orúkọ jagunjagun èyíkéyìí tó bá wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ará ilé yín, torí ó lè jẹ́ ọ̀gá tí bàbá yín tẹ̀ lé nìyẹn. Bí ẹ bá rí orúkọ náà, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olóyè tí a mọ̀, màá lè sọ fún yín bóyá apá ọ̀tún ló ti ń jáde tàbí apá òsì.